Ẹmọ́ Òyìnbó Inú Ilé Wa

Ọ̀rẹ́ wa kan, olùkọ́ bí àwa, ni a gbé lọ sí ìlú mìíràn, kò sì rí ọ̀nà àtikó àwọn ẹran ọ̀sìn rẹ̀ dání. Ó fi mẹ́ta sílẹ̀ fún wa nínú àpótí pákó kan. Guinea pig ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹmọ́ òyìnbó ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa sọ wọ́n, nítorí pé ìrísí wọn jọ ti ẹmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ìrù. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ẹ̀kẹta ní àwọ̀ mẹ́ta lára, òun ni a sì ń pè ní Adíkálà.

Orúkọ tí òyìnbó fún ẹran yìí kò sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti ilẹ̀ Gínì wá. Ní orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Peru àti agbègbè rẹ̀, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sìn ín fún jíjẹ, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹran pẹ̀lẹ́ ni. Kì í sábà bu ènìyàn jẹ, bí ó bá sì gbọ́ ìró ewé lọ́wọ́ ẹni tí ń bọ́ ọ, a máa han gooro fún ayọ̀.

Ní ìgbà òjò, ìtọ́jú wọn kò ni wá lára. Koríko kún ẹ̀yìn ilé-ìwé, ọmọkùnrin kan láti kíláàsì kẹrin sì fi ara rẹ̀ ṣe olùtọ́jú wọn láìjẹ́ pé a rán an. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí koríko gbẹ, a sọ fún un pé kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ láti máa wá ewé. A bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní èérí àgbàdo, gaàrí àti èèpo iṣu gbígbẹ. Àwọn adìẹ wa ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sanra. Eku inú àká pàápàá ń jẹ irú rẹ̀, ara wọn sì ń dán. A rò pé a ti ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Adíkálà kò sáré pàdé wa mọ́. Irun rẹ̀ rí wúruwùru, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bí a bá sì fi ọwọ́ kàn án, a ké bí ẹni tí a gún. Ojú wa kò lọ sí ibòmíràn bí kò ṣe sára ọmọkùnrin náà. A ní òun ni ó gbé e tí ó já lulẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi kò mú un já."

A kò gbà á gbọ́. A lé e kúrò nídìí àpótí náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a bá Adíkálà ní òkú.

Kò pẹ́ tí dúdú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò sì tún dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà wá. Olùkọ́ kan fún wa ní oògùn pẹnisílínì tí ó kù nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n a kọ́kọ́ gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ó bi wá pé, "Tíṣà, kí ni ẹ ń fún wọn jẹ?"

A kà á fún un tìyìntìyìn.

"Ewé ńkọ́?"

A dákẹ́.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ara adìẹ àti ti eku a máa ṣe fítámínì C fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ara àwa ènìyàn kò ti lè ṣe é. Inú oúnjẹ nìkan ni ó ti lè rí i, nǹkan bí mílígíráàmù 10 sí 30 lójúmọ́, kò sì sí ohun tí ó tó nǹkan nínú èérí àti gaàrí. Inú wọn yó, ṣùgbọ́n àìní ń pa wọ́n. Bí a bá sì ti fún wọn ní pẹnisílínì yẹn mu, ó lè pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun wọn, kí àwọn náà sì bá a lọ.

A padà sílé, a ṣí ìwé wò. Ní ọdún 1907, ní ilẹ̀ Nọ́wè, Axel Holst àti Theodor Frølich fi ọkà bọ́ ẹmọ́ òyìnbó. Àrùn mìíràn ni wọ́n ń wá. Skọ́fì ni wọ́n bá pàdé, èyí tí ń mú kí erìgì ṣẹ̀jẹ̀ kí oríkèé sì wú, tí ó pa àìmọye atukọ̀ òkun láyé àtijọ́. Ní ọdún 1932, ẹran yìí kan náà ni Albert Szent-Györgyi àti Joseph Svirbely lò ní ilẹ̀ Húngárì láti fi ìdí fítámínì C múlẹ̀. Ohun tí a wò ní àwòdìídì lára àwọn ẹran wọ̀nyí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là, àwa sì jẹ́ kí ó pa Adíkálà.

Ẹ̀yin tí ń sìn wọ́n, ẹ fiyè sí nǹkan wọ̀nyí. Koríko ni oúnjẹ wọn gan-an, tútù tàbí gbígbẹ, ní gbogbo ìgbà, nítorí pé eyín wọn kì í dẹ́kun àtihù, jíjẹ koríko ni ó sì ń gé e kúrú. Ẹ fi ewé tútù kún un lójoojúmọ́, bí ewé ọ̀dùnkún, pẹ̀lú gúrófà tàbí ọsàn díẹ̀. Ẹ má ṣe fi wọ́n sínú oòrùn, nítorí ooru tètè ń pa wọ́n. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá ń rù. Èyí tí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan ṣoṣo ti wà nínú ewu.

Ó ku ọ̀ràn ọmọkùnrin wa. Nítorí pé ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a ti dójú tì í, ojú wọn náà ni a ti pè é, a sì sọ pé àwa ni a jẹ̀bi, pé òtítọ́ ni ó sọ fún wa. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa tirẹ̀. Ohun tí ó bèèrè ni pé ṣé òun lè lọ já ewé wá báyìí. Ó mọ ibì kan létí odò tí koríko kì í gbẹ nínú ọyẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti mọ̀ ọ́n. Àwa ni a kò bi í.

Dúdú àti pupa bọ́ nínú àìsàn náà. Òun ni ó ń bọ́ wọn títí di òní.