Ẹ Gba Èékù Aṣọ Yín

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí n'Íbàdàn, bí ọdún bá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, èékù aṣọ a kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò ní rí ibi dúró sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á gbá a sínú àpò, ó di ààtàn. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tú àpò náà wò, aṣọ ẹbí oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀: ti ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọ. Àpò yẹn ni mo máa ń tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń bá mi ránṣọ. A máa bi mí pé, "Màmá, kí lẹ tún fẹ́ fi àkísà ṣe?"

Kúílìtì ni mò ń fi í rán. Aṣọ ìbora ni: ojú òkè rẹ̀ jẹ́ abala kéékèèké tí a kàn pọ̀, ohun tó nípọn wà láàárín, aṣọ mìíràn wà lábẹ́, a ó sì fi abẹ́rẹ́ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Tiwa ni pé ẹni tó bá wọ aṣọ alábùlẹ̀, òtòṣì la kà á sí. Lára eégún ni àkànpọ̀ ti ń gbayì lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀, ẹbí a máa fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní àkísà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Nine Patch. Abala mẹ́sàn-án ni, íńṣì 2½ ní òró, íńṣì 2½ ní ìbú. Márùn-ún á dúdú, mẹ́rin á mọ́lẹ̀. Àwọn tó dúdú ló ń gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Ẹ rán an ní mẹ́ta-mẹ́ta kó di ìlà mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ rán ìlà mọ́ ìlà. Àǹkárá dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, nítorí pupa rẹ̀ lè ṣí sára funfun. Ẹ má da léèsì tàbí gíní pọ̀ mọ́ ọn. Wọn ò ní bára wọn gbé.

Etí aṣọ ni wàhálà wà. Àwọn télọ̀ wa a máa fi aṣọ tó pọ̀ sílẹ̀ nínú, kí wọ́n lè tú u bí ẹni tó ni ín bá sanra. Kúílìtì kò gba ìyẹn. Ìdámẹ́rin íńṣì péré ni ẹ ó fi sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ íńṣì 6½ nígbà tí ẹ bá rán an tán. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́rìndínlógún íńṣì kan jẹ wọnú jù, ojú ò ní rí i. Ṣùgbọ́n etí mẹ́rin ló wà nínú ìlà kan, ìdámẹ́rin íńṣì ti lọ nìyẹn, kò ní bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba mọ́.

Bí ẹ bá rán ìlà kan tán, ẹ lọ̀ ọ́, kí etí rẹ̀ dojú kọ ibi tó dúdú. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ, aṣọ á fà. Nígbà tí ẹ bá wá kó ìlà méjì léra, etí ti òkè á kọjú sí apá kan, ti ìsàlẹ̀ á kọjú sí èkejì. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e tẹ ibi tí wọ́n ti pàdé: ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ti há mọ́ra, kò sí òkè, kò sí kòtò. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi pín-ìn-nì gún.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mò ń yọ ara mi lẹ́nu, ṣebí iṣẹ́ àwọn obìnrin Gee's Bend kò gún. Abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú ni Gee's Bend, ní Alabama, odò yí i ká ní apá mẹ́ta. Ní ọdún 2002, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Houston pàtẹ kúílìtì wọn. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹbù. Lóòótọ́, ìlà wọn ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán gún tó wá wọ́ ọ, ohun tó fẹ́ ló ṣe. Ẹni tí kò tíì kọ́ ọ, kó má fi wọ́n bojú.

Ní 1942, Missouri Pettway, ọ̀kan nínú wọn, gé aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó kú, ó fi rán kúílìtì tí yóò máa bò. Ẹni tó bá ti pín ẹrù òkú rí, tó ń wo bùbá bàbá rẹ̀ láì mọ ohun tí òun ó fi ṣe, kò nílò kí n ṣàlàyé èyí fún un.

Bẹ́ẹ̀dì onífífẹ̀ 60 íńṣì, gígùn 72, yóò gba irú abala mẹ́sàn-án yìí 120. Ẹ má tíì ronú dé ibẹ̀. Irú rẹ̀ mẹ́sàn-án ti tó tìmùtìmù orí àga kan. Bí ẹ bá sì ń lọ gba aṣọ yín lọ́dọ̀ télọ̀, ẹ béèrè èékù rẹ̀. Owó yín lẹ fi rà á.