Lẹ́bàá Kànga

Ọdún kẹrin tí wọ́n so yìgì wa ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láàárín wa. Agboolé kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Ìlọrin níbí, ni à ń gbé. Ọ̀kan nínú wa á ti fa omi kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, á gbálẹ̀, á wẹ ọmọ, á sì lọ sọ́jà, èkejì á dé nírọ̀lẹ́, á ní, “Oúnjẹ dà?” Kò sí ìjà o. “Ẹ káàbọ̀” nìkan ló kù. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí mọ̀ pé ìjà sàn jù ú lọ.

Nínú oṣù Ààwẹ̀, Àfáà kan mẹ́nu ba èsì tí ìyá wa Àíṣá fọ̀ nígbà tí wọ́n bi í ní ohun tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń ṣe nínú ilé: iṣẹ́ ilé ni ó ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá tó, á jáde. Àwa méjèèjì la gbọ́. A ò sọ nǹkan kan títí a fi délé.

Ní sààrì, ọkọ na ọwọ́ sí garawa. “Gbé e wá.”

“Wọ́n á rí yín.”

“Kí wọ́n rí mi.”

Wọ́n sì rí i. Ìyá àgbà kan ní ìyàwó ti fún un jẹ!

Ká má purọ́, kò mọ ìkòkò fọ̀; èérí ìdí rẹ̀ kì í tán, a sì ń tún un fọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá kànga yẹn ni a tún ti ń sọ̀rọ̀, tí à ń rẹ́rìn-ín, tí à ń pín wàrà alẹ́ Jímọ̀ jẹ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá sùn.