Iná Abẹ́ Kábúrétọ̀

Mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ti gé páànù pẹlẹbẹ sílẹ̀. Ó fẹ́ fi dí ojú ihò tí èéfín gbígbóná ń gbà gòkè lọ sídìí kábúrétọ̀ nínú Chevrolet ayé àtijọ́ kan tí epo rẹ̀ ń hó. Ó ní, "Bàbá, Èkó kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Kí la fẹ́ máa dáná sábẹ́ epo fún?" Bàbá tó ni ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kó gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ èmi ò gbà.

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ni, irú èyí tí Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ ọdún 1929. Sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀lé ara wọn, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́fà jókòó lórí ẹní gígùn, kí abọ́ ọbẹ̀ wà níwájú àwọn méjì àárín: ẹ ti mọ ẹni tí ẹran máa kàn. Ẹ̀kán epo tí kò tíì di oru wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tí ọ̀nà bá yà, afẹ́fẹ́ á yà. Ẹ̀kán epo ò ní lè yà, ara ògiri mánífóòdù ni yóò lẹ̀ mọ́, yóò máa ṣàn káàkiri. Sílíńdà kìíní àti ìkẹfà, tí wọ́n jìnnà jù, lè má rí epo tó. Bí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì, ẹ ó rí i: ti àárín á dú, ti ìpẹ̀kun á funfun.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi de mánífóòdù tí epo ń gbà wọlé mọ́ èyí tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín gbígbóná ń na abẹ́ ibi tí kábúrétọ̀ jókòó lé, ẹ̀kán epo tó bá já síbẹ̀ á di oru. Fáàfù kan wà níbẹ̀ tí sípírìngì onírin méjì ń darí. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fáàfù á darí èéfín sókè. Bó bá gbóná tán, sípírìngì á dẹ̀, èéfín á gba ìsàlẹ̀ lọ sí sàlẹ́ńsà.

Ṣé ooru Èkó ò tó ni? Kò tó. Epo tó ń di oru máa ń fa ooru kúrò lára ohun tó bá fara kàn, ìtutù tó ń mú bá kábúrétọ̀ sì lè lé ní 20 digiri. Ẹni tí bẹntiróòlù bá ti dà sí lọ́wọ́ rí mọ̀ ọ́n. Ìjàpá náà, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, onísílíńdà mẹ́rin ni, síbẹ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé èéfín gba abẹ́ ọ̀nà epo rẹ̀ kọjá. Bí èédú bá dí páìpù yẹn pa, ìrì á bo ọ̀nà epo lásìkò òjò, ọkọ̀ á sì máa jánu bí ẹ bá tẹná.

Mi ò ní kí n fi gbogbo ẹ̀bi fún ọ̀gá mẹkáníìkì o. Afẹ́fẹ́ tó gbóná jù máa ń fẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì á dín kù. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, epo lè hó kó tó dé kábúrétọ̀. Àwọn awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́ mọ ìyà yẹn. Bedford ni ọ̀pọ̀ wọn ń wà, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Luton ní 1931, ọ̀dọ̀ Chevrolet ni wọ́n sì ti mú àwòkọ́ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àkísà tútù tí wọ́n ń wé mọ́ pọ́ńpù epo kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ òde òní tó ń lo sikánà ò rí irú èyí: ẹnu ọ̀nà sílíńdà ni ínjẹ́tọ̀ ń fín epo sí, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba mánífóòdù kọjá, wọ́n sì ń fi ọ̀rá líle ṣe é.

Nígbà tí a tú mánífóòdù ọkọ̀ bàbá, fáàfù ti dípẹtà, ó há síbi tó ń darí èéfín sókè. Ìyẹn ló ń mú epo hó. Kẹrosíìnì àti òòlù kékeré tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n sípírìngì ti kán, ọjà Ládípọ̀ ò sì ní irú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi wáyà so fáàfù náà sí ìdajì títí a ó fi rí òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tú púlọ́ọ̀gì kìíní àti ìkẹfà wò.