Ètò Ìkọ̀wé Tó Ṣí Lọ Sórí Kọ̀ǹpútà Mìíràn

Iṣẹ́ ńlá ni kíkó ètò ìkọ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn láàárín ọdún 1984 sí 1991. Ọpọlọ ẹ̀rọ kan kì í gbọ́ àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ mìíràn, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè kàn da ètò náà kọ sórí dísìkì tuntun kí ó sì ṣiṣẹ́. Àtúnkọ àṣẹ wọ̀nyí le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà ló tún le jù ú lọ. Ètò tó ti mọ́ lára láti máa dá gbé inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́ bí ayálégbé ṣe ń bá ará ilé gbé: kó má gba gbogbo àyè, kó má dí ọ̀nà, kó sì dá ohun tó bá yá padà.

Lórí IBM PC, tó jáde ní 1981, ètò kan ṣoṣo ni MS-DOS, ètò adarí rẹ̀, ń gbà láyè lẹ́ẹ̀kan. Sinclair QL, tí wọ́n fi han aráyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 1984, yàtọ̀ sí i. QDOS, ètò adarí tí Tony Tebby kọ fún un, lè mú kí ètò púpọ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Amiga ti ilé iṣẹ́ Commodore tẹ̀lé e ní oṣù Keje ọdún 1985. Carl Sassenrath ló kọ Exec, ìpìlẹ̀ ètò adarí rẹ̀. Apá tó ń bójú tó fáìlì wá láti inú TRIPOS, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge. Irú ètò adarí bẹ́ẹ̀ a máa fún ètò kọ̀ọ̀kan ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì gba ọpọlọ lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá fún ẹni tó kàn.

Ilé iṣẹ́ Psion ló ṣe Quill, ètò ìkọ̀wé tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ QL. Mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà kò ju 128 KB lọ, ojú rẹ̀ nìkan sì ti gba 32 KB níbẹ̀. Bí ìwé bá gùn, Quill á kó apá kan rẹ̀ sórí Microdrive, téèpù kékeré tí kò gbà ju nǹkan bí 100 KB lọ, á sì tún lọ mú un wá nígbà tí ẹni tó ń kọ̀wé bá padà síbẹ̀. Quill a tún máa gba gbogbo mẹ́mọ́rì tó bá bá nílẹ̀, débi pé ètò mìíràn kì í rí àyè wọlé. Ẹ̀rọ tó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ wá di ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan. Nígbà tó yá, Psion kó Quill àti ètò mẹ́ta mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀ sínú ẹyọ kan tó ń jẹ́ Xchange, ó sì gbé e lọ sórí MS-DOS àti kọ̀ǹpútà One Per Desk ti ilé iṣẹ́ ICL. Ọgbọ́n tó dára ni, ó sì ran àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ àjọgbé.

Ti WordPerfect, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ló kún fún ẹ̀kọ́ jù. Alan Ashton àti Bruce Bastian bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, lórí kọ̀ǹpútà ńlá Data General tó jẹ́ ti ìjọba ìlú Orem. Ó dé orí IBM PC ní 1982, ó sì dé orí Amiga ní 1987.

Lórí PC, ètò lè ju lẹ́tà tààrà sínú mẹ́mọ́rì ojú kọ̀ǹpútà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ètò ìkọ̀wé fi ń yára níbẹ̀. Lórí Amiga, ó gbọ́dọ̀ tọrọ fèrèsé, kó sì gbà pé fèrèsé ẹlòmíràn lè bo tirẹ̀ nígbàkígbà. Bí ètò PC bá ń retí kí a tẹ bọ́tìnnì, ó lè máa bi kíbọ́ọ̀dù léèrè léraléra láìsinmi, kò sí ẹni tó ń pa lára. Lórí Amiga, ìbéèrè àìsinmi bẹ́ẹ̀ ń jẹ àkókò gbogbo ètò tó kù. Ó tọ́ kí ètò náà sùn, kí Exec jí i nígbà tí ìròyìn bá dé. Bákan náà ni mẹ́mọ́rì: Amiga kì í gba ohun tí ètò gbàgbé láti dá padà. Yóò sọnù títí wọn ó fi pa ẹ̀rọ náà tí wọn ó sì tún un tàn.

Nọ́ńbà pàápàá ń yí padà lójú ọ̀nà. Ọpọlọ Intel inú PC ń fi apá kékeré nọ́ńbà ṣáájú, Motorola inú Amiga sì ń fi apá ńlá ṣáájú, nítorí náà 258 tí wọ́n kọ sínú fáìlì lórí PC yóò di 513 bí Amiga bá kà á bẹ́ẹ̀. Motorola 68000 kò tún gbà kí nọ́ńbà alápá méjì bẹ̀rẹ̀ ní àyè tí òǹkà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Bí ètò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lẹ́tà é jẹ́ 130 lórí IBM PC, ó jẹ́ 233 lórí Amiga. Àwọn tó ń kọ Yorùbá kò rí ẹ, ọ àti ṣ nínú ìkankan nínú àwọn àkójọ lẹ́tà méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé à àti á wà níbẹ̀.

Ti bọ́tìnnì dẹrùn díẹ̀. WordPerfect ń lo F1 dé F10, lásán tàbí pẹ̀lú Shift, Ctrl tàbí Alt, èyí tó jẹ́ ogójì àṣẹ. Amiga ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí náà ọwọ́ tó ti mọ ètò náà lórí PC kò ní láti kọ́ ọ lọ́tun. QL ní márùn-ún péré.

Ewu kan wà tí ẹni tó kọ ètò kò lè fi ọgbọ́n yẹra fún. Amiga kò ní odi láàárín mẹ́mọ́rì ètò kan àti ti èkejì. Bí eré kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ṣìnà, ìkìlọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Guru Meditation lè yọ sójú, lẹ́tà tí akọ̀wé kò tíì fi pamọ́ á sì bá a lọ. OS/2, ètò adarí mìíràn fún PC tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, kọ́ odi yẹn, ṣùgbọ́n odi náà sọ àṣà tí àwọn ètò MS-DOS fi ń ṣe ìṣirò àyè mẹ́mọ́rì di èèwọ̀, wọ́n sì tún ní láti ṣàtúnkọ wọn.

Windows 3.0 dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1990, ọjà sì yí síbẹ̀. Microsoft Word ti wà fún Windows láti 1989. WordPerfect kò débẹ̀ títí di ìparí 1991. Novell ra ilé iṣẹ́ WordPerfect ní 1994, Corel sì ra ètò náà lọ́wọ́ Novell ní 1996.