Bí ẹ̀rọ bá rú ọlọ́jà lójú, ẹni tó ṣe é ni kí ẹ bá wí

Àìmọ̀wé kì í ṣe òmùgọ̀. Ní ọjà ìlú Tamale, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, obìnrin tí ń ta òrí lè má mọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò san owó síìdì tí kò pé fún un tí kò ní í mọ̀. Ó mọ àwọ̀ owó, ó sì ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ ní kí ó fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Accra. Lójú ẹsẹ̀, ọlọ́gbọ́n ọjà yóò di ẹni tí ń wá ọmọdé tí yóò bá òun tẹ̀ ẹ́.

Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ MTN gbé ètò fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù dé Ghana. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀nà là tí owó fi lè kúrò lórí fóònù ilé iṣẹ́ kan bọ́ sórí ti òmíràn. Ohun rere ni, nítorí fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá lè ṣe é. Èèyàn yóò tẹ *170#, àwọn ìlà ọ̀rọ̀ yóò jáde, yóò mú nọ́ńbà èyí tí ó fẹ́, àwọn mìíràn yóò sì tún jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá pàdé níbẹ̀, ní ìlú tí Dàgbánì ti jẹ́ èdè ilé àti èdè ọjà. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù lórí ìlà kan, ohun gbogbo yóò parẹ́ mọ́ ọn lójú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí kò lè ka ìlà wọ̀nyí yóò fi fóònù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún un. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni ó fi lé àjèjì lọ́wọ́ yẹn. Bí owó bá sì sọnù lọ́la, òun náà ni wọn yóò sọ pé kò ṣọ́ra.

Ní ọdún 1988, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Don Norman, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ń ti ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó fà, ẹni tí ó ṣe ilẹ̀kùn ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo káàdì alájọ. Igun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n là sójú rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Alájọ gba owó, ó sàmì sí i. Ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí lè ka àmì náà, kí ó mọ iye tí òun ní láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe káàdì yẹn ti ro ti oníbàárà mọ́ tirẹ̀.

Èyí kò wí pé kí gbogbo ìdádúró kúrò. Kí owó tó lọ, fóònù máa ń fi orúkọ ẹni tí yóò gbà á hàn, ó sì máa ń béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ìdádúró tí ń lé olè ni ìyẹn. Èyí tí kò dára ni ìnira tí kò dí olè lọ́nà, tí ó jẹ́ pé olówó nìkan ni ó ń dí.

Àtúnṣe kò sì kọjá agbára. Ní ẹkùn Upper West ní Ghana kan náà, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Talking Book fi èdè àwọn ará abúlé bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ oko àti ìlera. Bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀, etí ni wọ́n fi ń gbọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí kúrò ní ọ́fíìsì, kí ó lọ jókòó ti ìyá olórí kan ní ọjà Tamale. Kí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún un, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó máa wò ó. Ibi tí ọwọ́ ìyá náà bá ti dúró, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí.