Gààrì Inú Ìkọ́kọrẹ́

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba bùkà mi jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Irọ́ tí mo fi bò ó kò tíì tán nílẹ̀, ẹlòmíì ló sì ń ru ẹrù rẹ̀ kiri. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́.

Oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń tà. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi lórúkọ, pẹ̀lú ẹ̀bà tútù fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ pọ̀. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tíṣà àtàwọn tó ń fi típà kó iyanrìn ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Oúnjẹ mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, owó pọ́ọ́kú tí mo ń tà á ló ń mú wọn wá. Ní ọdún 2023, 700 náírà ni abọ́ kan pẹ̀lú ẹja. Nígbà yẹn, 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ láti ọdún 2019. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tó sì ń jẹun lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ 22 tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, 15,400 náírà ló máa kó fún mi. Ìdajì owó oṣù ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ kó tó san owó ọkọ̀. Mo mọ ìṣirò yìí lórí, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà mí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu gorí àlééfà, ó ní ìjọba ò ní san owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù mọ́. Lítà kan tí à ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n tún já náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là bá gbéra. Kí ni ìyẹn kan ìkọ́kọrẹ́? Ó kàn án gan-an. Ọkọ̀ ló ń gbé ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ wá láti oko. Àwọn tó ń kó ẹja yíyan wá láti Ẹ̀pẹ́ bu owó epo lé ẹja. Ẹja títù tí à ń sá lọ bá nígbà tí ẹja ọ̀sà bá wọ́n, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Òjò náà ti wọlé, bẹ́ẹ̀ àsìkò òjò ni ewùrà tó gbó máa ń ṣọ̀wọ́n lọ́jà Òkè-Àjé, torí èyí tí wọ́n wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tán lọ.

Ewùrà tó gbó máa ń fà. Bó o bá rin ín tán, kò nílò ohunkóhun tí yóò dì í mú. O kàn ń fọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ ata àti epo pupa tó ń hó ni, o ò sì gbọdọ̀ rò ó títí yóò fi dì. Iṣu funfun ò ṣe é fi rọ́pò rẹ̀, yóò fọ́n ká sínú ọbẹ̀ ni. Èyí tí kò gbó nínú ewùrà, omi ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó mọ ilé ìdáná dáadáa máa ń wọ́n gààrì díẹ̀ sí i kó lè fa omi náà mu. Ẹ̀kúnwọ́ kan ò bà á jẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Tèmi kọjá ẹ̀kúnwọ́. Mo ń ra ìdajì ewùrà tí mo ń rà tẹ́lẹ̀, mo sì ń fi gààrì dí àlàfo rẹ̀. Abọ́ ṣì ń kún, iye ṣì jẹ́ 700. Gbogbo olóúnjẹ àdúgbò ti fowó lé oúnjẹ, èmi nìkan ò fi lé e, mo sì ń fi yangàn. Àwọn oníbàárà ń ṣàdúrà fún mi, mo ń ṣe àmín.

Ohun tí mi ò rò ni pé gààrì Ìjẹ̀bú ni. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni ẹ̀gẹ́ ẹ̀ fi ń wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án, kíkan ẹ̀ ló sì fi gbayì nínú omi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà. Ẹ wá gbé irú ẹ̀ sínú ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n sè láàárọ̀, tó wà nínú kúlà di aago méjì ọ̀sán. Ó wú, ó le, kíkan ẹ̀ sì jáde.

Ọ̀gá àwọn bíríkìlà kan wà tó ń ra oúnjẹ fún gbogbo àwọn lébìrà rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń sanwó lópin ọ̀sẹ̀. Owó tirẹ̀ nìkan ló ń san owó ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé abọ́ wá bá mi lójú èrò.

"Ìyá, oúnjẹ yìí ti kan. Ṣé tàná ni?"

Kì í ṣe tàná. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo sè é. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, yóò bi mí ibi tí kíkan ti wá. Mo wá kọjú sí ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo fi ariwo bọ ẹnu: "Ṣé mi ò ní kó o gbé ìkòkò yẹn kaná lálẹ́ àná ni?" Ọmọ náà mọ̀ pé kò sí ìkòkò kankan lálẹ́ àná. Òun ló ń bá mi wọn gààrì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe.

Gbólóhùn tí mo fi gba ara mi sílẹ̀ yẹn ló pa mí. Mo ti fẹnu ara mi jẹ́rìí pé oúnjẹ àná ni mò ń tà. Ọ̀gá bíríkìlà ò padà wá. Àwọn tíṣà tẹ̀ lé e. Mo ń sè, mò ń dà á nù, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì ti ilẹ̀kùn kí Iléyá ọdún 2024 tó dé, àsìkò Ojúde Ọba tí gbogbo Ìjẹ̀bú ń wálé, tí olóúnjẹ ń pa owó. Ọmọ náà ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Kò tú àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni.

Olóúnjẹ mìíràn tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú mi gbé owó tirẹ̀ sí 1,000 náírà, ó tún gbé e sí 1,200. Wọ́n bú u dáadáa. Àwọn kan ń ra ìlàjì abọ́, àwọn kan ń jẹ ẹ́ láìsí ẹja, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá. Ó jẹ́ kí kálukú yan ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Èmi ni mo bá wọn yàn án láìsọ fún wọn.

Mo ti tún ṣí bùkà, ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 1,500 náírà ni abọ́ báyìí, mo kọ ọ́ sára pátákó. Ọjọ́ tí ewùrà ò bá dára, ẹ̀wà ni mò ń sè. Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù ti di 70,000 náírà. Ọjọ́ 22 lọ́dọ̀ mi jẹ́ 33,000, ìdajì náà ló ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tẹ́ ẹ ṣì ń pe ọmọ yẹn ní ọ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pè é bẹ́ẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo da gààrì sí i.