Ọfà Méjì, Ọ̀nà Kan

«Vecteur» a máa dàbí àlejò létí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ká ní ọkọ̀ kan dorí kọ òdìkejì odò Ouémé: ó ń lọ mítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, omi sì ń gbé e lọ sísàlẹ̀ ní mítà 30. Wọn a ní àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70. Bẹ́ẹ̀, atukọ̀ tí kò mọ̀wé mọ̀ pé òun kò ní gúnlẹ̀ sí ọ̀kánkán ibi tí òun ti ṣí.

A wá ní kí wọ́n ya ọfà méjì, kí ìdí èkejì wà ní ṣóńṣó èkíní, bí igun ilé. Ọfà tó so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin jẹ́ mítà 50. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà gan-an nìyẹn.

Ohun tí atukọ̀ mọ̀ ni ìwé ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a máa sọ ọ́ lédè wa pẹ̀lú, kí ọmọ má baà rò pé ìmọ̀ àjèjì ni.